Ọmọ Ló Ni Ìbẹ̀wò: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí Tí Wọ́n Ti Pínyà

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ní Onírèké, Ìbàdàn)

 

Nígbà tí a ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí á bá yín sọ sínú ìwé pélébé, a ti ń múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó-yá, ilẹ̀ rírà àti owó ilé-ìwé, nítorí pé ohun tí ẹ máa ń béèrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tú àwọn ìwé náà wò, ọ̀rọ̀ kan ló ń padà wá léraléra. Àwọn kan kọ ọ́ pé àwọn àti ọkọ tàbí aya àwọn ti pínyà, àwọn kò sì fojú kan ọmọ àwọn mọ́. Àwọn mìíràn kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ọmọ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn pé bí àwọn bá jẹ́ kí ó lọ kí ẹnì kejì, kò ní padà wá. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ sí i. A gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ wa lọ, wọ́n sì bá wa yẹ apá ti òfin wò. Èsì rẹ̀ ni a wá jẹ́ fún yín.

A kò wá dá ẹjọ́ ọkọ, a kò sì wá dá ẹjọ́ aya. Ẹni tó bá ń retí pé a óò gbè sẹ́yìn òun, kí ó tètè mọ̀ pé a kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Ẹ fetí sí bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé. Ìyá á ní, “Mo fún un láàyè kí ó rí ọmọ lóṣù tó kọjá.” Bàbá á ní, “Èmi ni mo ni ọmọ mi, ìgbà tó bá wù mí ni n óò lọ wò ó.” Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹrù àwọn ni. Bẹ́ẹ̀ òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, èyí tí wọ́n ṣe ní 1989 tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 1991, sọ pé ọmọ tí ó yà kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa rí òbí náà déédéé, àfi bí ìpàdé wọn yóò bá pa ọmọ náà lára. Àdéhùn ti ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1990, sọ ohun kan náà. Ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ yìí. Bàbá kò lè tà á, ìyá kò lè fi san gbèsè, ẹbí kò sì lè fi jẹ ẹnikẹ́ni níyà.

A mọ̀ pé àwọn àgbà inú wa yóò máa sọ lọ́kàn ara wọn pé, “Ṣé nílẹ̀ Yorùbá, bàbá kọ́ ló ni ọmọ ni?” Bí ó ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Bí obìnrin bá kó jáde, ó lè gbé ọmọ ọwọ́ dání, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú tí ó sì gbọ́njú díẹ̀, àwọn ará ilé ọkọ á wá mú un. A kò níí pẹ̀gàn àṣà náà. Agbo ilé ló dúró lé lórí, nígbà tí ìyá àgbà, arábìnrin bàbá àti àwọn ìyàwó ilé jùmọ̀ ń wo ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo yàrá méjì tí púpọ̀ nínú wa ń gbé ní Ìbàdàn lónìí. Ta ló kù nílé tí yóò wo ọmọ tí a fi agbára gbà?

Àwọn ilé-ẹjọ́ pàápàá ti rí i. Nínú ẹjọ́ Okwueze àti Okwueze ní 1989, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé nínú ọ̀pọ̀ àṣà ìbílẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ bàbá ni ẹ̀tọ́ sí ọmọ wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní a kò gbọdọ̀ lo ẹ̀tọ́ náà lọ́nà tí yóò ba ire ọmọ jẹ́. Ṣáájú èyí, ní 1987, nínú ẹjọ́ Williams àti Williams, ilé-ẹjọ́ kan náà ti fi ire ọmọ ṣíwájú gbogbo ohun mìíràn tí adájọ́ yóò wò. Èyí tó wù wá jù ni ti Odogu àti Odogu ní 1992. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣàlàyé pé ire ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ àtàtà, oúnjẹ, ẹ̀rọ amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n. Bí inú ọmọ ṣe ń dùn àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dàgbà ló wúwo jù lọ. Ó yẹ kí àwa tí a wà ní agbègbè Onírèké yìí, níbi tí ilé ńlá àti ọgbà gbòòrò kò wọ́n, gbọ́ ìyẹn dáadáa. Kì í ṣe ẹni tí ilé rẹ̀ tóbi jù ni adájọ́ máa ń gbé ọmọ fún.

Ní ti kóòtù tí ènìyàn yóò lọ, irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ni yóò sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ilé ìforúkọsílẹ̀, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ tí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìjọba níbẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Ring Road ni, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti 1970. Abala 71 òfin náà ló ní kí adájọ́ fi ire ọmọ ṣíwájú, òun náà ló sì fún un láṣẹ láti kọ ọ́ sínú ìdájọ́ bí òbí kejì yóò ṣe máa rí ọmọ. Adájọ́ tún lè dá ẹjọ́ dúró títí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn yóò fi lọ wo ilé méjèèjì kí ó sì jábọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ tàbí ti mùsùlùmí, kóòtù ìbílẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà ń ka ìròyìn ti Mápó nínú ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀rín ka ìròyìn náà mọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ “ó ń na mí” àti “kì í sùn sílé” tí akọ̀ròyìn kọ sókè, ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn, níbi tí adájọ́ ti sọ ẹni tí ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti bí ẹnì kejì yóò ṣe máa rí i. Ìlà yẹn ni ọmọ yóò máa jẹ títí yóò fi dàgbà.

Àwọn tí wọn kò ṣe ìgbéyàwó kankan ńkọ́, tàbí ẹni tí kò tíì fẹ́ kọ aya tàbí ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó kàn ń wá ọ̀nà láti rí ọmọ? Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ní 2006, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti ìjọba àpapọ̀. Lábẹ́ irú òfin yìí, bàbá tàbí ìyá lè lọ sí Kóòtù Ìdílé, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ ibi tí ọmọ yóò máa gbé àti bí òbí kejì yóò ṣe máa bẹ̀ ẹ́ wò. Kò dìgbà tí ẹ bá tú ìgbéyàwó ká.

“A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.” Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń sá fún agbẹjọ́rò. Àwọn tó pa á mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ gbèsè. Ṣùgbọ́n a kò ní kí tọkọtaya tó ti pínyà ṣọ̀rẹ́. Ohun tí à ń wá kéré sí ìyẹn: kí ọmọ mọ ọjọ́ tí yóò rí bàbá rẹ̀, kí ọjọ́ náà má sì yẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ló ń lọ jà. Iṣẹ́ tó dára jù tí agbẹjọ́rò lè ṣe fún yín nínú ọ̀ràn yìí ni pé kí ó jókòó pẹ̀lú agbẹjọ́rò ẹnì kejì, kí wọ́n kọ àdéhùn, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì gbé e fún kóòtù kí ó sọ ọ́ di ìdájọ́. Irú ìdájọ́ tí a fi ìfohùnṣọ̀kan gbà bẹ́ẹ̀ lágbára. Òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí rẹ̀ láìkọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò fi tó? Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó yẹ kí ẹ dá wa lóhùn. Kò sí ẹni tí ń fi ẹnu lásán dáwó sínú ẹgbẹ́ yìí. Bí akọ̀wé owó bá gba náírà kan lọ́wọ́ yín, ẹ ó na páásìbúùkù yín sí i kí ó kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò yín ni. Kì í ṣe pé ẹ pè é lólè. Ẹ mọ̀ pé ènìyàn ń gbàgbé, ó ń bínú, ó sì ń kú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ tí a bí, a ó ní, “Ṣáà máa wá wò ó nígbà tí àyè bá wà.”

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí á ní bàbá kan ń gbé Onírèké níhìn-ín, ìyá ń gbé Agbowó, ọmọ méjì sì wà lọ́dọ̀ ìyá, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́rin. A kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ẹ má wo ojú ara yín.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé “bàbá yóò máa rí àwọn ọmọ ní ìgbà tó bá yẹ,” kò ní tó oṣù kan tí ìjà yóò fi dé. Ó yẹ lójú ta ni? Bàbá á kan ìlẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ ní ìdánwò lọ́la. Ìyá á ní kò yẹ. Bàbá á ní wọ́n ti lé òun. Àwọn ará ilé á jáde. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ sí i: Sátidé kejì àti ìkẹrin nínú oṣù. Ẹ kọ aago: mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ ibi tí wọn yóò ti fa ọmọ lé ara wọn lọ́wọ́, kí ó má sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà ìyá tàbí ẹnu ọ̀nà bàbá, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́ tí ọgbẹ́ ṣì tutù. Láti Agbowó gba Sángo àti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń dúró lójú ọ̀nà. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún èyí, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹni tó bá rí i pé òun yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ tẹlifóònù. Ọ̀pọ̀ ìjà tí a gbọ́ nípa rẹ̀, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ló bí i, kì í ṣe ìwà ìkà.

Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè wá gba ọmọ bí bàbá kò bá lè wá, ẹni méjì péré, tí ìyá mọ̀. Ẹ kọ ohun tí ọmọ yóò gbé dání: aṣọ, iṣẹ́ àṣetiléwá, oògùn. Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, kí oògùn rẹ̀ wà nínú báàgì, kí bàbá sì mọ bí a ṣe ń lò ó. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ fún ìrántí.

Ọmọ ọdún mẹ́rin kò rí bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lójú ọmọ kékeré, ọ̀sẹ̀ méjì jìn púpọ̀. Ó lè gbàgbé òórùn ẹni. Ó sàn kí bàbá máa rí i fún wákàtí díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ju kí ó gbé e lọ fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè sùn lọ́dọ̀ bàbá láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú. Bí kékeré náà bá ti dàgbà tí kò sì bẹ̀rù mọ́, kí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ orí tí èyí yóò bẹ̀rẹ̀ sínú àdéhùn, kí ẹ má bàa tún un jà.

Ìsinmi ńkọ́? Sáà mẹ́ta ni ilé-ìwé wa ní. Ẹ pín ìsinmi gígùn sí méjì. Iléyá àti Kérésìmesì, kí ọ̀kan jẹ́ ti bàbá ní ọdún yìí, kí ó jẹ́ ti ìyá ní ọdún tó ń bọ̀, kí ó sì máa yí bẹ́ẹ̀. Bí ẹbí kan bá jẹ́ mùsùlùmí tí èkejì sì jẹ́ onígbàgbọ́, bí ó ti pọ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀yin ni Ọlọ́run mú iṣẹ́ yín rọrùn: kí olúkúlùkù mú ọdún tirẹ̀. Ẹ rántí ìnáwó ẹbí pẹ̀lú. Bí ìyá bàbá bá kú, kò yẹ kí a máa ka Sátidé kí ọmọ tó lè lọ sin ìyá àgbà rẹ̀.

Ẹ fi tẹlifóònù sí i. Ọjọ́rú, aago méje alẹ́, kí ọmọ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ìyá má sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí ó máa sọ ohun tí yóò sọ fún un. Ní ìdà kejì, kí bàbá má fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà béèrè ẹni tó wá kí ìyá lánàá. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ láti rán sí ara yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ fúnra yín. Ọmọ kì í ṣe alárinà. A tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwọn olùkọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ wa sọ fún wa pé àwọn máa ń mọ ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Bí ọmọ bá ṣàìsàn ní Sátidé bàbá, kí ìyá sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, kí bàbá wá wò ó níbi tó dùbúlẹ̀ sí, kí Sátidé tó tẹ̀ lé e sì dípò rẹ̀. Kí òbí méjèèjì máa rí èsì ìdánwò, kí méjèèjì lè lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ fún ilé-ìwé ní ẹ̀dà ìdájọ́, kí ọ̀gá ilé-ìwé mọ ẹni tí òun lè fa ọmọ lé lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tó ń pọ̀ sí i lóde òní, ìrìn-àjò sí òkè òkun. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ mú ọmọ kúrò ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i, tàbí kí kóòtù gbà á láàyè. Àwọn aṣọ́bodè máa ń béèrè lẹ́tà ìfọwọ́sí òbí kí wọ́n tó ṣe ìwé ìrìnnà fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ara lé ìyẹn. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ kó lọ pẹ̀lú ọmọ ní tòótọ́, kí ó padà sí kóòtù. Ìdájọ́ lórí ọmọ kì í ṣe òkúta; òfin 1970 fi àyè sílẹ̀ láti yí i padà bí nǹkan bá yí padà.

Nísinsìnyí, owó. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ jù. Ìyá á ní, “Kò san owó oúnjẹ, kò ní rí ọmọ.” Bàbá á ní, “N kò rí ọmọ, n kò ní san owó.” A mọ̀ pé ìbínú ìyá náà kò ṣẹ̀yìn ebi, bẹ́ẹ̀ ni ti bàbá kò ṣẹ̀yìn ẹ̀dùn ọkàn. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ méjì ni wọ́n. Nínú ẹgbẹ́ wa, bí ẹnì kan bá jẹ owó-yá, ṣé a máa ń tìtorí rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ jáde nílé-ìwé? Gbèsè ní ọ̀nà tí a ń gbà gbà á. Bí bàbá kò bá san owó ìtọ́jú tí kóòtù paṣẹ, kóòtù yẹn ni kí ìyá padà sí. Kí ó má gba ẹ̀san náà lára ọmọ. Bí ìyá bá sì dí ìbẹ̀wò lọ́wọ́, owó ilé-ìwé kò gbọdọ̀ dúró. Bàbá tó ń san owó láìdáwọ́ dúró tí wọ́n sì ń dí i lọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níwájú adájọ́. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó gbogbo tí ẹ bá san. Ẹ má fi lé àbúrò lọ́wọ́ pé kí ó bá yín fún un.

Bí ẹnì kan bá tẹ ìdájọ́ lójú, ẹ má lọ gbé ọmọ ní tipátipá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ka ẹni tó bá mú ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ sí ọ̀daràn, bàbá tó bá sì já ọmọ gbà lẹ́nu géètì ilé-ìwé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì ko ọlọ́pàá lọ. Ọlọ́pàá kò láṣẹ láti pín ọmọ. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ dúró tí ọmọ kò dé. Kí agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà. Bí kò bá gbọ́, kóòtù ní ìwé kan tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Fọ́ọ̀mù 48, tí ń kìlọ̀ fún aláìgbọràn ohun tó lè dé bá a. Tí ó bá tún ṣe agídí, Fọ́ọ̀mù 49 ni yóò tẹ̀ lé e, tí yóò ní kí ó wá sọ ìdí tí a kò fi ní sọ òun sẹ́wọ̀n. Ẹni tó gba ìdájọ́ ló lè rí èyí lò. Ẹni tó ní àdéhùn ẹnu lásán kò ní nǹkan kan tó lè fi lé e lọ́wọ́.

Gbogbo èyí wà fún òbí tí kò ní pa ọmọ lára. Bí ọ̀kan bá ń lu ọmọ ní ìlùkulù, tàbí ó ń mu ọtí yó nígbà tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tàbí ohun tó burú ju èyí lọ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe tìtorí àlàáfíà tàbí ojú ẹbí fọwọ́ sí àdéhùn. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ gbé e lọ sí kóòtù. Adájọ́ lè ní kí ìbẹ̀wò máa wáyé níwájú ẹlòmíràn, tàbí kí ó dá a dúró pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi irọ́ pa irú ẹ̀sùn yìí mọ́ ẹnikẹ́ni nítorí àtiborí nínú ẹjọ́. Ọmọ yóò dàgbà, yóò sì béèrè.

Ẹ óò ní, “Ta ni yóò san owó agbẹjọ́rò?” Ìbéèrè gidi ni. Legal Aid Council wà láti 1976; lábẹ́ òfin rẹ̀ ti 2011, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni ó wà fún. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò tí a ń pè ní FIDA wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pẹ̀lú, wọ́n sì máa ń pe òbí méjèèjì jókòó láìgba owó. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibi ìrànlọ́wọ́ òfin fún àwọn obìnrin wà lábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rò pé orúkọ wọ̀nyí ti yọ yín sílẹ̀. Bí ìyá bá gbé ọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀ tí wọ́n sì pè yín, ẹ lọ. Ibi tí ẹ ti lè rí ọmọ yín kíákíá láìná kọ́bọ̀ lè jẹ́ ibẹ̀.

Ipa tí ẹgbẹ́ lè kó kò pọ̀, ó sì dára kí á mọ ibi tó mọ. Òfin àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fún wa ní ọ̀nà láti parí ìjà lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́: owó-yá, ìpín, onídùúró. Kò fún ìgbìmọ̀ kankan láṣẹ lórí ọmọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má ní kí Alága dá ẹjọ́ yín. Ẹ má sì jẹ́ kí akọ̀wé sọ iye owó tí ẹnì kan ní nínú ẹgbẹ́ fún ọkọ tàbí aya rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́, àyàfi bí kóòtù bá béèrè. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ ló ṣe onídùúró fún aya lórí owó-yá tí kò tíì tán, kí àwọn méjèèjì tètè wá rí wa kí á wá onídùúró mìíràn, kí gbèsè má bàa di pàṣán tí wọn yóò fi na ara wọn.

Ohun tí a lè ṣe nìyí. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ máa ń ṣí ní ọjọ́ Sátidé. Àga wà níbẹ̀, omi mímu wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ dábàá pé kí òbí tó bá fẹ́ máa lo ibẹ̀ láti fa ọmọ lé ara wọn lọ́wọ́. Ìwé ńlá kan yóò wà lórí tábìlì: ẹni tó mú ọmọ wá yóò kọ aago, yóò fọwọ́ sí i, ẹni tó gbà á yóò ṣe bẹ́ẹ̀. A kò ní béèrè ohunkóhun. Ìpàdé gbogbogbòò ni yóò sọ bóyá kí á bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù nínú àwọn ìwé pélébé, a kò sì fẹ́ fò ó. Ìyá kan béèrè pé, bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ní òun kò lọ ńkọ́? Ọmọ náà ti pé ọdún méjìlá. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wá ìdí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà á, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àdéhùn, kí agbẹjọ́rò gbọ́ kí ọjọ́ tó ṣú. Bí ó bá jẹ́ pé ó rò pé inú ìyá òun kò ní dùn bí òun bá gbádùn lọ́hùn-ún, ìyá ló lè tú u sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu rẹ̀ ni. Adájọ́ náà lè pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú yàrá rẹ̀, kí ó bá a sọ̀rọ̀ níbi tí bàbá àti ìyá kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ohun tó fà á kò ju pé àárọ̀ Sátidé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ sún aago ìbẹ̀wò sí ọ̀sán, kí bàbá sì wá láti àárọ̀ kí ó wo bọ́ọ̀lù náà.